Bí mo ṣe gun ẹṣin wọ igbó lẹ́yìn Òṣogbo, tí a sì sùn síbẹ̀ mọ́jú

Ẹṣin kan, èmi, àti ọdẹ kan tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú wa: àwa la gba ọ̀nà oko tó kọrí sí Ìràgbìjí, a sùn síbẹ̀ lóru kan, a sì padà lọ́jọ́ kejì. Kìlómítà 14 ni àlọ. Gígùn ẹṣin ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ẹṣin bá dúró ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ibi tí a máa so ó mọ́, ohun tó máa jẹ, omi tó máa mu, àti ohun tó lè ṣán an lóru.

Igbó Òṣun kọ́ ni mò ń sọ o. UNESCO ti kọ ìyẹn mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í gé igi rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ronú àtigun ẹṣin wọ ibẹ̀. Oko olóko ni mo gbà kọjá, nítorí náà ọ̀dọ̀ baálẹ̀ abúlé ni mo kọ́kọ́ lọ. Baálẹ̀ ló fà mí lé àwọn ọdẹ lọ́wọ́. Má fo ìgbésẹ̀ yìí. Iná orí ni ọdẹ fi ń dẹ òru, ojú ẹṣin sì ń tàn bíi ti ẹtu tí iná bá bà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹṣin wà níbẹ̀ lè yìnbọn. Ọdẹ yìí kan náà ló mọ ibi tí wọ́n kẹ́ tàkúté irin sí. Èyí tó bá gbá ẹsẹ̀ ẹṣin mú, eegun ló máa ṣẹ́.

Ìparí oṣù Kejìlá ni mo yàn, nígbà ọyẹ́. Lójò, ẹrẹ̀ máa ń mu ẹṣin dé orúnkún, eṣinṣin tsetse náà sì máa ń pọ̀ sí i. Òun ló ń gbé kòkòrò àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Etí odò tó ní òjìji ló fẹ́ràn, ojú ọ̀sán ló ń ṣán, ohun dúdú àti ohun búlúù ló sì máa ń tọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi aṣọ aláwọ̀ eérú tẹ́ ẹ̀yìn ẹṣin, tí èmi náà ò wọ aṣọ dúdú. Ẹṣin àti igbó kì í ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ni Ìlọrin gbójú lé nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo níbí, ní nǹkan bí 1840.

Kí n tó di ẹrù, mo wá ìwọ̀n ẹṣin. Fi téèpù wọn àyà rẹ̀ yípo, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Wọn ọ́n láti góńgó èjìká dé ìdí. Sọ iye àyà di ìlọ́po ara rẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po iye gígùn, kí o wá fi 11,880 pín in. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 165 àti 153, ó sì já sí bíi kílò 350. Ẹni tó gùn ún, gàárì àti ẹrù, kí gbogbo rẹ̀ má ju ìdá márùn-ún ìwọ̀n yẹn lọ, ìyẹn kílò 70. Èmi jẹ́ kílò 58, gàárì jẹ́ 9, kílò mẹ́ta péré ló kù fún ẹrù. Ọ̀kadà ló kó ìyókù ṣáájú lọ sí abúlé: àgọ́, ẹní, tapólì, gàrí (gàrí mímu o, kì í ṣe gàárì), kílò mẹ́wàá ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti kílò mẹ́ta èérí ọkà bàbà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Oúnjẹ tó ti mọ̀ nílé ni kó jẹ lọ́nà. Ẹṣin tí wọ́n bá ṣàdédé yí oúnjẹ padà fún, inú lè run ún, kì í sì í lè bì bí ajá.

Gàárì dídì ló gba sùúrù. Nu irun ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tẹ́ sí ọ̀nà kan, gbé aṣọ síwájú díẹ̀ kí o tó fà á sẹ́yìn, kí irun má bàa ká. Ní ibi tí gọ̀gọ̀ parí sí, fi ọwọ́ ti aṣọ náà sókè wọ abẹ́ gàárì kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Bí o bá jẹ́ kó le mọ́ ibẹ̀, egbò ni. Má fa ọ̀já abẹ́ àyà le lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́gbọ́n ẹṣin máa ń fẹ́ inú sókè nígbà tí o bá ń fà á, ó di ìgbà tó bá rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ̀já tó sọ̀, kí gàárì yí sí abẹ́ ikùn, kí ìwọ náà bá a yí. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo mú un rìn yípo, mo tún fà á títí ó fi ku àyè ìka méjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́nà, mo sọ̀ kalẹ̀ tún un fà.

Ìrìn ẹsẹ̀ ọdẹ ni ẹṣin ń tẹ̀ lé, bíi kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, kò sí sísáré. Lábẹ́ ẹ̀ka tó wálẹ̀, tẹ̀ síwájú sórí gọ̀gọ̀. Ẹni tó bá na ara sẹ́yìn, ẹ̀ka á gbé e lágbọ̀n. Ní etí odò, ọdẹ ló kọ́kọ́ fi igi wọn ilẹ̀. Yanrìn dára. Ẹrẹ̀ tí igi bá rì sínú rẹ̀ kọjá ìbú ọwọ́ kan, wá ibòmíràn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lásìkò ọyẹ́ ni wèrèpè. Èso rẹ̀ ti gbẹ lákòókò yẹn, irun rẹ̀ sì ń já tí nǹkan bá gbún un. Bó bá bà ẹṣin, ẹṣin á máa tàpá kíkankíkan. Má fọwọ́ pa á. Eérú gbígbẹ ni àwọn ará oko ń fi pa á, òun náà ni mo fi ra ẹsẹ̀ ẹṣin nígbà tó ba díẹ̀ níbẹ̀.

Ibùdó wa jìnnà sí odò ní ìwọ̀n mítà 100, nítorí eṣinṣin. Mo wo òkè kí n tó wo ilẹ̀: igi gbígbẹ kò gbọdọ̀ wà lórí wa. Mo na okùn láàárín igi méjì tó jìnnà síra ní mítà méje, ó ga ju orí mi lọ. Okùn orí ẹṣin, èyí tí kò ní irin, ni mo so mọ́ àárín rẹ̀ pẹ̀lú kókó tí mo lè fà tú lẹ́ẹ̀kan. Ó gùn débi tí ẹnu rẹ̀ fi kan ilẹ̀, kò gùn débi tí ẹsẹ̀ fi lè kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìjánu so ẹṣin yóò rí ètè tó fàya, nítorí ẹṣin tó tagìrì á fa orí sẹ́yìn. Kò sí ẹ̀gẹ́ nítòsí ibẹ̀, mo sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń da èèpo kòkó sí. Ewé ẹ̀gẹ́ àti kòkó jẹ́ májèlé fún ẹṣin.

Ohun tí n kò bá ti gbàgbé ni ìjàlọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yí ilẹ̀ náà ká ní alẹ́, mo wo ìlà wọn, mo sì da eérú yípo ìdí igi méjèèjì. Ẹṣin tí ìjàlọ bá bá lórí ìso kò ní ibi tí ó máa sá sí. Iná kékeré tí ewé tútù ń rú èéfín rẹ̀ lé yànmùyánmú jìnnà, fìtílà kan sì wà lórí igi fún àwọn ọdẹ.

Omi báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn lítà 30, ló mu láàárín ọ̀sán àti òwúrọ̀. Bó ṣe dé ni mo ka lílù ọkàn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá 15, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: 64 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, 44. Mo fi àtàǹpàkò tẹ erìgì rẹ̀. Àwọ̀ pupa padà kí n tó ka méjì. Ká ní ó ń wo ìhà ara rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tó sì kọ̀ kò yàgbẹ́, a ò bá ti padà lóru yẹn.

Nílé, mo fi irin tí kò mú yọ òkúta inú pátákò, mo tú irun abẹ́ etí àti abẹ́ ìrù wá eégbọn, mo rí mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ni wíwọn ibà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí àìsàn eṣinṣin kì í yọjú lọ́jọ́ kan. Ìwọ̀n tó dára jẹ́ 37.5 sí 38.5. Títí di ọjọ́ kejìlélógún, kò kọjá 38.2.