Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìtàn Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Èkó

Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ní Èkó máa ń sáré tẹ̀lé Jaguar àti Rolls-Royce, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ Volkswagen Igala kọjá láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Jaguar ní ìwé nílùú òyìnbó; ẹni tó bá lówó, tó sì ní sùúrù, á rí i gbà. Igala ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1973, tí wọ́n fi orúkọ olú-ìlú wọn sọ ọ́ ní Brasília. Nígbà tí Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ní 1975, wọ́n ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wọlé láti Brazil, wọ́n ń tò ó pọ̀ níbí, wọ́n wá ń pè é ní Igala. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò mọ omi rèdíétọ̀. Ní 1982 ni Brazil ṣíwọ́ ṣíṣe é. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ṣì ń rìn ní Èkó lónìí, ẹ dá a dúró, ẹ kí onítọ̀hún dáadáa.

Òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lẹ máa tọ̀ fún Morris Minor tàbí Peugeot 404. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìwé sí ìkẹyìn. Irin ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ bá àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n, kí ìwé tó kàn. Ìwé tó ti wà nínú àpótí láti àádọ́ta ọdún kò ní sá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mẹkáníìkì tó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá nọ́ńbà ara irin

Nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ni orúkọ ọkọ̀ gan-an. Lára Ìjàpá àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Ẹ máa rí irin kan tó ga díẹ̀, tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ni nọ́ńbà wà. Wọ́n tún máa ń kan pátákó irin kékeré kan mọ́ inú búùtù, èyí tó wà níwájú. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó sí. Ní ti Morris Minor, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì: pátákó rẹ̀ wà lára ògiri irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti dírẹ́bà.

Ìdọ̀tí àti ìpẹtà ló máa ń bo nọ́ńbà náà. Ẹ rọ kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó rin ín, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi sáńdípépà kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí páńẹ̀lì bítà bá yín fi wáyà họ ọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n ti họ máa ń jọ ti ọkọ̀ olè, ẹ̀yin lẹ sì máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ẹfun pa á, kí ẹ fi àkísà nu ojú rẹ̀. Ẹfun á dúró sínú ojú ibi tí wọ́n lù, gbogbo nọ́ńbà á wá funfun ketekete. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tún tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù ra á, torí fọ́tò lè ṣi ojú lọ́nà láàárín 3 àti 8, ṣùgbọ́n ohun tí irin bá tẹ̀ sórí pépà kì í tàn wá.

Bó bá jẹ́ Ìjàpá tí Jámánì ṣe láàárín àwọn ọdún 1970, nọ́ńbà mẹ́wàá ni, ẹ̀kẹta láti iwájú ló sì ń sọ ọdún. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1152 jẹ́ ti 1975. Àmọ́ ọdún tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún tó ṣáájú, nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n pè ní ti 1975 lè ti jáde kí 1974 tó parí.

Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá bá ti ìwé mu, ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì Kombi, ìyẹn bọ́ọ̀sì Volkswagen, máa ń wọ inú àwọn ọkọ̀ yìí, Kombi sì pọ̀ ní Èkó nígbà náà ju ẹyẹ lọ. Ìyẹn náà wà lára ìtàn ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ara ọkọ̀ fínnífínní

Níbo ni sítíárìn wà? Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì ọ̀nà, tí gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbí ṣáájú ọjọ́ yẹn, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan gbé e bọ̀ láti Ìlú Ọba. Igala kò ní wàhálà yìí, torí ó dé lẹ́yìn àyípadà náà. Aago tó ń ka eré náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ: máìlì ló ń kà ni, àbí kìlómítà?

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa ka ohun tó wà lára àwọn páàtì: dígí, iná ẹ̀yìn, kábúrétọ̀, ìdí wáìpà. "Indústria Brasileira" ń fi Brazil hàn. "W. Germany" ń fi hàn pé wọ́n ṣe é kí Jámánì méjèèjì tó padà di ọ̀kan ní 1990. Bí dígí mẹ́ta bá jẹ́ ti Brazil tí ẹ̀kẹrin sì dá yàtọ̀, ọkọ̀ yẹn ti forí gbá nǹkan rí, tàbí kí olè ti fọ́ ọ.

Ọ̀dà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá ibi tí kò hàn síta, bíi abẹ́ rọ́bà búùtù tàbí ẹ̀yìn páálí ilẹ̀kùn. Ẹ ki sáńdípépà tó múná díẹ̀ bọ omi, kí ẹ máa fi ìka kan ra ojú ibi tí kò ju owó kọ́bọ̀ lọ. Ẹ máa rọra ṣe é. Ọ̀dà òkè á kọ́kọ́ lọ, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yọ bí òrùka yí i ká, òmíràn á tún yọ láàárín, títí ẹ ó fi dé pupa tàbí eérú tí ilé iṣẹ́ fi kọ́kọ́ bo irin. Èyí tó wà lórí ìyẹn gan-an ni àwọ̀ tí wọ́n fi bí i. Bí yẹ́lò bá yọ láàárín, tí ẹ sì tún rí dúdú ní ìhà ibi tí ìlà máa ń gbà kọjá, ọkọ̀ bàbá olóyè tí wọ́n sọ fún yín yẹn ti ṣe takisí Èkó rí, ó ti gbé èrò dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nọ́ńbà ìta

Èyí kò gba àkókò. Nọ́ńbà ìgbàanì tí wọ́n bá fún ọkọ̀ l'Ékòó, lẹ́tà L ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Irú èyí tí a mọ̀ nísinsin yìí dé ní 1992, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn nígbà yẹn. Láti 2011 ni wọ́n ti gbé e síwájú, bíi KJA fún Ìkẹjà, MUS fún Muṣin, KRD fún Ìkòròdú. Ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn nìkan ló ń sọ. Bí nọ́ńbà àtijọ́ bá ṣì wà nínú gáréèjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún onírin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá àwọn àgbà lọ

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ lọ sí Òwódé Onírin, ẹ bèèrè ẹni tó mọ Volkswagen tó ń lo atẹ́gùn. Wọn ò ní pe orúkọ rẹ̀. "Bàbá Volks" ni wọ́n máa sọ, wọ́n á sì nawọ́ sí ìsọ̀ kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ má lọ bá a lọ́sàn-án tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa, nígbà tí àwọn ọmọṣẹ́ ń kó irinṣẹ́ wọlé. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ bèèrè àlàáfíà, ẹ má tètè yọ bíírò. Ẹ mú páàtì kan láti ara ọkọ̀ yín dání, kódà kó jẹ́ ìdérí kábúrétọ̀. Àgbà tí ẹ bi ní ìbéèrè á ní òun ti gbàgbé. Àgbà tí ẹ gbé irin lé lọ́wọ́ á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá ní, "Bàbá, ṣé 1978 ni wọ́n rà á?" á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè máa lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: "Ta ló máa ń gbé e wá? Kí ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu? Àdúgbò wo lẹ wà nígbà yẹn?" Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni kí ẹ fi wá ọdún. Ṣé FESTAC ti kọjá? Ìyẹn jẹ́ oṣù kìíní sí ìkejì 1977. Ṣé ayé Jákàńdè ni? 1979 sí 1983. Ṣé Póòpù ti wá? Oṣù kejì 1982. Ẹ tún bi í léèrè nípa ìgbà tí ìjọba ológun ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì àti èyí tí kò ṣeé pín máa gba ọjọ́ jáde ní Èkó, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àwọn tó lówó ra ọkọ̀ kejì nítorí òfin yẹn, ọkọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn sì rà. Ó lè jẹ́ bí tiyín ṣe wọ ilé nìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ náà ṣì wà káàkiri Ọ̀jọ́, Òkòkomaikò àti Festac. Ẹ bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹni tó bá ti kan ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ rí níbẹ̀ á sọ ohun tí ìwé kankan ò ní sọ fún yín.

Nínú ìdílé tó ni ọkọ̀ rí, ìyàwó ilé ni kí ẹ wá. Àwọn ọmọkùnrin máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀: gbogbo ìrìn àjò baba wọn ni wọ́n sáré dé Ìbàdàn ní wákàtí kan. Màmá ló mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé, torí oyún ọmọ kan wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n mú álíbọ́ọ̀mù wá. Ẹ má yọ fọ́tò kúrò nínú rẹ̀ láìgbàṣẹ, fóònù ni kí ẹ fi yà á. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ́yìn àwọn èèyàn, ẹ yí fọ́tò padà kí ẹ wo òǹtẹ̀ ayàwòrán àti déètì. Ẹ tún bèèrè ìwé ètò ìsìnkú Bàbá. Ìtàn ìgbésí ayé tó wà nínú rẹ̀ máa ń sọ ibi iṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n gba ìgbéga, ìgbéga ló sì ń bí ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé wá kàn

Ẹ ti ní nọ́ńbà, ọdún àti orúkọ báyìí, ẹ ò ní máa fọ́jú wá nǹkan. Ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, ẹ bèèrè ìwé ìròyìn àtijọ́. Daily Times ti wà láti 1926, West African Pilot láti 1937. Ìpolówó ọkọ̀ lẹ ń wá níbẹ̀: iye owó, àwọ̀ tó wà, àti ilé ìtajà. Bí owó inú rẹ̀ bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, ó ti wà ṣáájú oṣù kìíní 1973 tí náírà dé. Mandilas, tí ilé rẹ̀ ṣì wà ní Broad Street, ló ń ta Volkswagen fún ìgbà pípẹ́. SCOA ló ń ta Peugeot. Ìwé ìjọba amúnisìn tó kan Èkó pọ̀ ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú pẹ́ńsùlù lọ.

Fún ọkọ̀ tí wọ́n tò tán lókè òkun, ẹ kọ̀wé síbẹ̀. British Motor Museum ní Gaydon ń ta ìwé ẹ̀rí fún Morris, Austin, MG àti àwọn mìíràn, tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ilé ọnà Volkswagen ní Wolfsburg ń ṣe irú rẹ̀ fún èyí tí Jámánì ṣe. Ẹ má gbójú lé e fún Igala: ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ti Wolfsburg wá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀jọ́ nìyẹn.

Ẹ má gba ìtàn ẹni tó ń tà á gbọ́. Gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń tà l'Ékòó ló ti gbé gómìnà rí, lẹ́nu alágbàtà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkọ̀ tí ìtàn rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn, ẹ lọ sí ilé ọnà Oníkàn, kí ẹ wo Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976. Ojú ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tò ó sínú fáìlì

Ẹ pín ojú ìwé sí mẹ́ta: ohun tí irin sọ, ohun tí èèyàn sọ, ohun tí ìwé sọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, ẹ fa ìlà sí i nídìí. Ibi tí wọn ò bá ti bára mu, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti là wọ́n níjà. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ẹ fún ìdílé tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ní ọ̀kan. Láàárín oṣù díẹ̀, àbúrò kan tí ẹ ò mọ̀ rí lè pè yín pé òun rí rìsíìtì kan nínú àpótí Bàbá.