Bí Mo Ṣe Ṣètò Owó Ìfẹ̀yìntì Mi

Nígbà tí mo pé ẹni 60 ọdún, tí ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń ṣe akọ̀wé owó ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì fún mi ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, mo pinnu pé n kò ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó náà títí n ó fi jókòó ṣírò rẹ̀ tán. Ohun tí Jésù sọ nínú Lúùkù 14:28 nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ni mo fi ṣe òfin fún ara mi, nítorí mo ti rí àwọn tó fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí wọ́n kọ́lé dé òrùlé, tí owó sì tán kí wọ́n tó rí ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìwé kíkó jọ kò le: lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn, NIN àti BVN. Kí orúkọ ṣáà ti bára mu lórí gbogbo wọn, pàápàá fún àwa obìnrin tí a yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó. Ohun tó gba àkókò mi ni ìwé àkọsílẹ̀ tí PFA mi, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá mi tọ́jú pẹ́ńṣàn, tẹ̀ jáde fún mi. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, mo sì ń fi rúlà tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2004, náírà méje àbọ̀ ni wọ́n ń yọ nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù mi, iye kan náà ni ilé iṣẹ́ ń fi kún un, nítorí náà ìpín wa dọ́gba. Nígbà tí òfin ọdún 2014 dé, tèmi di 8, ti agbanisíṣẹ́ di 10, ibi tí ìpín tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju tèmi lọ sì hàn kedere lórí ìwé náà. Èrè tí owó náà ti jẹ wà lọ́tọ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti yanjú ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, lórí iye owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ ohunkóhun ni mo ti ń san án, èyí tó túmọ̀ sí pé mo ti san ti ìpín tèmi kí ó tó wọ àpò pẹ́ńṣàn. Ti ìpín agbanisíṣẹ́ àti ti èrè ni n kò tíì san. Mo ṣírò apá tí àwọn méjèèjì jẹ́ nínú gbogbo owó náà, apá yẹn ni mo sì ń san ìdá mẹ́wàá lé lórí nígbàkígbà tí owó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Pásítọ̀ wa ka 2 Kọ́ríńtì 9:7 fún mi, ó ní kí n ṣe bí mo ti pinnu lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí n san án lé lórí. N kò bá wọn jiyàn.

Òfin gbà kí a mú lára owó náà lẹ́ẹ̀kan náà, bí èyí tó kù bá ti lè máa san, ó kéré tán, ìdajì ohun tí à ń gbà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a lè máa gba ti oṣooṣù lọ́wọ́ PFA, tàbí kí a fi owó náà ra ánúítì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ánúítì á máa wọlé títí ọlọ́jọ́ á fi dé, bí ẹni náà bá sì kú kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìyókù ọdún mẹ́wàá náà di ti àwọn àjogún rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ràn èyí, nítorí ìyá mi ti lé ní 90, ó ṣì ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó sì dà bíi pé èmi náà lè pẹ́ láyé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ PFA ni mo dúró sí, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ lè kọjá sí ánúítì lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra ánúítì kò lè padà wá. Mo sì mú kéré sí iye tí òfin yọ̀ǹda, kí ti oṣooṣù lè pọ̀ sí i. Jósẹ́fù kó ìdá márùn-ún ọkà Íjíbítì pamọ́ ní ọdún ọ̀pọ̀, kò sì ṣí àká títí ìyàn fi dé.

Èyí tí mo mú ni mo pín, gẹ́gẹ́ bí Oníwàásù 11:2 ti wí. Apá kan wà ní báǹkì fún àìsàn, kò sì kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náírà tí NDIC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì bí báǹkì bá wó, ń dáàbò bò láti ọdún 2024. Apá kan lọ sínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Savings Bond, tí ẹ̀dáwó 5,000 náírà tó láti bẹ̀rẹ̀, tí èlé rẹ̀ sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Díẹ̀ lọ sí oko kajú bàbá àwọn ọmọ mi ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, fún owó ìroko. Àkọ́bí mi fẹ́ kí n ra ọkọ̀ akérò fún òun; mo kọ̀, ó sì bínú díẹ̀. Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn tí CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣèlérí èrè ńlá, dá owó ènìyàn dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tí inú bí sì lọ kó ẹrù ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ó ṣì wá sọ fún mi pé òmíràn tó dára jù ú lọ ti dé.

Èyí tó ṣòro jù ni ẹ̀jẹ́ kíkọ́ ilé ìjọsìn tuntun. Wọ́n retí owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo ka Máàkù 7:11 sí 13, níbi tí Jésù ti bá àwọn tó ń fi ọrẹ tẹ́ńpìlì bojú láti má tọ́jú òbí wọn wí, mo sì kọ́kọ́ ya owó oògùn ìyá mi sọ́tọ̀ kí n tó kọ iye tí agbára mi ká sínú káàdì ẹ̀jẹ́.

Ó ku ìwé ìhágún. Orúkọ ìbátan tí a kọ sí fọ́ọ̀mù PFA kò tó. Bí a bá kú láìkọ ìhágún, ìdílé ní láti lọ gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó rí owó náà gbà. Lọ́yà kan kọ tèmi, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí mo bá fi nǹkan sílẹ̀ fún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ó má baà pàdánù ìpín rẹ̀. Àwọn ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tí wọn kò ní nǹkan kan í gbà níbẹ̀, ló bá mi fọwọ́ sí i.