Fóònù tó ń dún ṣùgbọ́n tí kò pe ẹnikẹ́ni

Íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ geere nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àmọ́ fóònù orí tábìlì tí mo so mọ́ ráútà oní-síìmù (àpótí tó ń fún ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì) kò ṣe é pè. Màmá mi á gbé e sétí, wọ́n á gbọ́ "tùùù", wọ́n á tẹ nọ́ńbà, ó di kẹ́ú, ó gé. "Ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ báyìí?"

Okùn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Okùn fóònù máa ń wọ ihò okùn kọ̀ǹpútà tó wà lára ráútà, á kàn máa mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ níbẹ̀, kò sì ní dún rárá. Tiwa ń dún, ọ̀rọ̀ okùn tán.

Mo yọ síìmù, mo fi í sínú fóònù ọwọ́ mi. Ó pè! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ nọ́ńbà báyìí, àmì 4G tó wà lókè yí padà sí 3G. Ìgbà tí mo gé ìpè ló tó padà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo ti ráútà mọ́ 4G nìkan lóṣù tó kọjá, kó lè yára; ìpè síìmù yìí sì rèé, 3G ló ń gbà.

Mo ṣí ojú ewé ìṣètò ráútà (àdírẹ́sì tiwa ni 192.168.8.1, ó wà lára bébà ìdí ẹ̀rọ), mo yí "4G only" sí "Auto" kó lè máa bọ́ sí 3G bí ìpè bá dé, mo pa á, mo tún un tàn. Àbúrò wọn ní Ṣágámù ni Màmá kọ́kọ́ pè, lórí owó gàárì.

Bí ìpè bá ń lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń falẹ̀ díẹ̀, torí 3G ni ráútà wà nígbà náà. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.