Pípààrọ̀ ọ́ìlì gíà Accord V6 ti 2003 àti 2004

Oṣù kẹrin ọdún 2004 ni Honda pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.1 padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà ọ́tò wọn. Accord V6 yìí wà lára wọn, Odyssey 2002 sí 2004 náà wà níbẹ̀. Ọ́ìlì tó ń dé ara gíà kejì kò tó, ó ń gbóná jù, eyín rẹ̀ lè kán, kí gíà sì há lórí eré. Oní-sìlíńdà mẹ́rin kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Honda ATF DW-1 ni kí ẹ rà, lítà 9. Òun ló gbapò Z1, ọ́ìlì gíà Honda ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n da Dexron, ọ́ìlì gíà ti ọkọ̀ mìíràn, sí i torí pé àwọ̀ pupa ni wọ́n jọ ní.

Ẹ wa ọkọ̀ náà títí ọ́ìlì á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú. Ihò onígun mẹ́rin ló wà lórí bóòtù ọ́ìlì gíà, orí ráṣẹ́ẹ̀tì 3/8 ló wọ̀ ọ́. Bóòtù tí sípánà 17 bá mu, ti ẹ́ńjìnì ni! Àwọn kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nù báyìí, wọ́n wá rọ lítà mẹ́ta lé gíà tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì ìdí bóòtù náà. Ẹrẹ̀ dúdú kúnná kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ẹ nù ún. Tó bá jẹ́ ègé irin tó ṣeé fọwọ́ mú, eyín ti ń lọ nìyẹn, ẹ má náwó sórí ọ́ìlì mọ́. Tí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi rádíétọ̀ ti wọ̀ ọ́.

Nínú bíi lítà 7, nǹkan bíi 3 péré ló ń jáde, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ń ṣe é. Ẹ fi wọ́ṣà tuntun de bóòtù náà, kí ẹ fún un dé 49 N·m, ẹ rọ lítà 2.9 gba ihò géèjì, ẹ wà á gba gbogbo gíà, ẹ tún tú u. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́: ìdọ̀tí tó bá ṣí kúrò lè lọ dí sólénọ́ìdì, fáfù oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà.

Tó bá ti gbóná, ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tó wọn géèjì, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 90. Toyota la máa ń wọn pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn.

Tí iná D tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kọ̀ǹpútà bá gbé kóòdù P0730 jáde, ó lè jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì inú gíà ló ti jẹ. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ súìsì ìfúnpá ọ́ìlì ti gíà kẹta àti ti ìkẹrin, ìta ni wọ́n wà, wọn ò sì wọ́n.