Bí mo ṣe ń tọpa géèmù kó tó jáde: ẹ jẹ́ ká fi Halo ṣe é

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí géèmù kan ṣe yí padà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, ẹ má kọ́kọ́ lọ gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ gbá a ná. Ẹ gbá a parí.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ níjọ́sí. Mo rí àwòrán kan tí wọ́n ní Halo àtijọ́ ni (géèmù ogun oníbọn ni Halo), mo ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ mi títí ẹnu fi ń bó mi. Àṣé ẹnì kan tó fẹ́ràn géèmù náà ló yà á fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí géèmù ti jáde tán. Ojú gbà mí tì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìwé kékeré kan: ọjọ́ ni mo ń kọ sápá òsì, ohun tí mo fojú ara mi rí sápá ọ̀tún. Ohun tí kò bá ti ní ọjọ́, kò wọ ìwé mi.

Ti Halo kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1999, Steve Jobs, ọ̀gá Apple nígbà náà, fi géèmù náà han ayé níbi Macworld, àfihàn àwọn kọ̀ǹpútà Mac ti Apple, ní New York, Jason Jones láti Bungie, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, sì bọ́ sórí pèpéle. Oṣù Kẹfà ọdún 2000, Microsoft ra Bungie. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, géèmù jáde, ọjọ́ náà ni Xbox, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft, fúnra rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2003 ló tó dé orí kọ̀ǹpútà, Windows àti Mac. Mac tí wọ́n kọ́kọ́ fi han lórí rẹ̀ ló wá dúró sẹ́yìn ìlà!

Tí ọjọ́ bá ti pé, ẹ wá fídíò ọdún 1999 yẹn, kí ẹ sì pa ohùn rẹ̀. Orin Marty O'Donnell dùn jù, ó lè gba ojú mọ́ yín lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa bi í: ibo ni kámẹ́rà wà? Nínú fídíò yẹn, ẹ̀yìn ọmọ ogun náà ló wà. Ẹ ń rí àkẹ̀tẹ̀ irin rẹ̀, ẹ ń rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú géèmù tó jáde, ẹ ti wà nínú àkẹ̀tẹ̀ ọ̀hún, ọwọ́ àti ìbọn nìkan lẹ ń rí. Àmọ́ ẹ wọ ọkọ̀ Warthog, kẹ́ ẹ wò ó: kámẹ́rà á tún sá padà sẹ́yìn bíi ti àtijọ́. Irú ibi báyìí ni mo ń pè ní àpá.

Kódà kámẹ́rà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Géèmù ọ̀gágun ni Bungie fẹ́ ṣe ní Chicago, irú èyí tẹ́ ẹ máa wà lókè bí àṣá tó ń ṣọ́ òròmọdìẹ, tẹ́ ẹ ó máa darí ọmọ ogun kéékèèké nílẹ̀. Ọkọ̀ ló ba ètò yẹn jẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń fò lórí òkè, tí ń jó lórí táyà rẹ̀, dùn mọ́ wọn débi pé kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí àwọn náà fẹ́ wà á. (Orúkọ tí wọ́n ń pe géèmù náà nínú ilé iṣẹ́ nígbà náà ni Monkey Nuts. Jones kò lè sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Blam!)

Ibi tó gba sùúrù jù ni wíwá ibi tí àsìkò ti ká wọn mọ́. Ẹ ka oṣù: láti ìgbà tí Microsoft ti rà wọ́n sí ọjọ́ tí géèmù jáde, mẹ́tàdínlógún péré. Èmi àti àbúrò mi ń gbá ìpele 8, Two Betrayals, yìnyín nílẹ̀, òru ni. Ó kàn gbé páàdì sílẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé a ò ti gba orí afárá yìí kọjá rí ni?”

A ti gbà á kọjá lóòótọ́, ní ìpele 5. Ibi kan náà ni, àbọ̀ la ń bọ̀ báyìí. Wọn ò ráyè kọ́ ibi tuntun, ni wọ́n bá yí ọ̀nà padà, wọ́n kó ọ̀tá mìíràn síbẹ̀. Ọgbọ́n ni, mi ò bú wọn.

Torí náà, ẹ fa ìlà sínú ìwé yín, kẹ́ ẹ kọ àwọn ìpele tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 5 àti 8, 3 àti 9, 1 àti 10. Ìpele 7, The Library, ẹ kọ ọ́ lóun nìkan. Òun kò padà síbì kankan, ara rẹ̀ ló ń padà sí: ilẹ̀kùn kan náà, gbọ̀ngán kan náà, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbúrò mi ti sùn lọ kí n tó débi tó parí.