Ẹ wo iná yín kí ẹ tó ra díkódà tó ń gba eré sílẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ díìsì ni mo ń ṣe ní Kàbà, nílẹ̀ Ókùn wa ní ìpínlẹ̀ Kogí. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń dé Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ohun tí oníbàárà kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, "Bọ̀dá, èwo ni bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀?" Èmi náà á ní, "Iná yín ńkọ́?" Àwọn kan máa ń rò pé sólà ni mo fẹ́ tà fún wọn. N kì í ta sólà.

PVR ni a ń pe díkódà tó ń gba eré sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ wa. Ẹ lè wà lóko tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́, kó máa bá yín gba eré tó ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ wá wò ó nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní aago méje, tí eré sì bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀, ẹ kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, háàdì-dísìkì wà nínú rẹ̀ tó ń yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lójijì kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ẹ wo ara ádápítà díkódà, wọ́n á kọ nǹkan bíi 12V àti 2A sí i. Ẹ ṣe 12 lọ́nà 2, ó di wáàtì 24. Èyí tó pọ̀ jù tó lè fà nìyẹn. Bó bá ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mọ́kànlá, 24 lọ́nà wákàtí 3 jẹ́ wáàtì-wákàtí 72. Bátìrì ìnfátà 12V 100Ah, èyí tí kì í ṣe lithium, ìdajì agbára rẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa lò bí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè kú, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 600 (ìdajì 12 lọ́nà 100). Ẹ rí i pé bátìrì kan ṣoṣo gbé díkódà dáadáa. Tẹlifíṣọ̀n àti fáànù ló ń jẹ bátìrì tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tẹlifíṣọ̀n kò ní láti wà ní títàn kí díkódà tó lè gba eré sílẹ̀. Ẹ pa á. Díkódà nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ lórí iná, kí iná kékeré iwájú rẹ̀ máa tàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyẹn, pàápàá àwọn àgbà wa. Ìyá kan wà ní Ìsánlú tí ọmọ rẹ̀ ra Explora, ìyẹn PVR ti DStv, ránṣẹ́ sí láti Àbújá. Gbogbo alẹ́ ni màmá máa ń fa gbogbo okùn iná ilé yọ kí wọ́n tó sùn. Mo ní, "Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ti díkódà yọ o." Wọ́n ní, "Bí àrá bá wá sán ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn?" N kò rí èsì fọ̀, torí òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kébù díìsì pàápàá lè gbé àrá wọlé, òun náà yẹ ní títú bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú. Mo pe ọmọ wọn lórí fóònù, mo ní kó gbé Explora yẹn lọ sílé ara rẹ̀, kó ra díkódà kékeré tí kì í gba nǹkan sílẹ̀ fún màmá. Fíìmù Yorùbá alẹ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì ti sùn kó tó parí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi PVR ṣe?

Lẹ́yìn iná, ọ̀rọ̀ òkè ló kàn. Òkè yí Kàbà ká, Ọbangogo nìkan ti tó fi ṣe ẹ̀rí, ilẹ̀ Yàgbà àti Ìjùmú kò sì yàtọ̀. Àǹtẹ́nà ni GOtv ń lò. Àǹtẹ́nà àti òpó tó ń fọ́n àwòrán jáde sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ara wọn. Bí òpó bá wà ní Lọ́kọ́ja, nǹkan bíi kìlómítà 70 ni tààrà láti ibẹ̀ dé Kàbà, òkè sì pọ̀ láàárín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òpó irin gígùn lásán máa yanjú ìyẹn. Ẹ wo òrùlé àwọn aládùúgbò kí ẹ tó ra ohunkóhun tó ń lo àǹtẹ́nà, ẹ wọlé tọ ẹni tó ní in, ẹ jókòó wò ó pẹ̀lú rẹ̀ ní alẹ́. Bí kò bá sí aládùúgbò kankan tó ní in, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn.

StarTimes ní ti àǹtẹ́nà, ó sì ní ti díìsì. Ẹ ka ara páálí dáadáa, torí ti àǹtẹ́nà tí wọ́n ń lò ní ìlú ńlá ni àwọn ọmọ wa sábà máa ń rà bọ̀. FreeTV, tí òun náà ń lo àǹtẹ́nà, ńkọ́? Ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jos ní 2016, ó sì ti dé Ìlọrin. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ tó ń ná Ìlọrin máa ń gbé àpótí rẹ̀ wálé nítorí pé kò sí owó oṣooṣù lórí rẹ̀. Àpótí dára o, àmọ́ bí òpó rẹ̀ kò bá sí nítòsí, ibi tí ẹ máa gbé fọ́tò ìgbéyàwó lé ló máa dà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, díìsì ni mo máa ń gbà yín níyànjú láti lò, torí ojú ọ̀run ló ń wò, òkè kì í sábàá dí i. Sátẹ́láìtì tí DStv Nàìjíríà ń lò wà ní 36°E, ìyẹn ìwọ̀n 36 ní ìlà oòrùn. Láti ilẹ̀ Ókùn, ìlà oòrùn ni ẹ máa kọjú díìsì sí, kó yà díẹ̀ sí gúúsù, ipa àmì tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ á sì gbéra sókè ní nǹkan bí 54° sí ilẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ni igi. Ẹ dúró níbi tí wọ́n fẹ́ ri díìsì mọ́, kí ẹ wo ìlà oòrùn. Igi tó wà ní mítà 10 síbẹ̀, tí kò ga ju díìsì lọ ní mítà 13, kò lè dí i. Igi kajú ẹ̀yìnkùlé kì í sábàá jẹ́ ìṣòro, àyàfi bí díìsì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Tíìkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ó ń ga kíákíá, ó sì máa ń wọ̀wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá so díìsì sẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwòrán á mọ́ kedere. Ẹ dúró di oṣù Òkúdù tí ewé bá bò ó.

Òjò ńlá máa ń gé àwòrán, kò sí oníṣẹ́ tó lè mú un kúrò pátápátá. Díìsì fífẹ̀ ló ń dín in kù. Bí owó bá wà, ẹ ra ti sẹ̀ǹtímítà 90 dípò èyí tó kéré jù. Kí oníṣẹ́ fi ojú ìwé Strength (agbára àmì) àti Quality (bí àmì ṣe dára tó) hàn yín lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Quality ni kí ẹ bá a jà lé lórí, torí Strength lè ga gan-an kí àwòrán má sì sí. Bí E48-32 bá jáde lórí DStv, ẹ̀bi díìsì, kébù tàbí òjò ni. Bó bá jẹ́ E16, owó ti tán. Ẹ má pe èmi fún E16.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó. MultiChoice kan náà tí Canal+ gbà ní 2025 ló ni DStv àti GOtv. DStv ló ní PVR gidi, Explora lorúkọ rẹ̀. Díkódà kékeré HD tí wọ́n ń tà kiri kì í gba eré sílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Explora lè gba ìkànnì kan sílẹ̀ kí ẹ máa wo òmíràn, ó sì lè dá eré tó ń lọ lọ́wọ́ dúró kí ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ṣùgbọ́n LNB àtijọ́, ìyẹn orí tó wà níwájú díìsì tó ń gba àmì, kò tó o. Smart LNB ló fẹ́, tàbí switch tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka ìyẹn mọ́ iye tí ẹ máa ná. Owó PVR tún wà lóṣooṣù, lọ́tọ̀ sí owó ìkànnì. Èyí ni àwọn tó ń tà kì í mẹ́nu bà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, owó Compact nìkan, ọ̀kan lára àwọn ètò ìkànnì DStv, kúrò ní ₦15,700, ó di ₦19,000. Ẹ bèèrè iye tó wà lónìí, kí ẹ fi owó PVR lé e, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ẹ lè san án fún oṣù 12. Ohun tó bá sì wà nínú háàdì-dísìkì Explora, inú rẹ̀ ló máa wà. Bí ẹ bá tú u jáde lọ fi sínú kọ̀ǹpútà, kò ní ṣí.

Ẹni tó bá jẹ́ pé Kérésì àti Àjíǹde nìkan ló ń wálé, kí ló ń fi owó oṣooṣù ṣe? StarTimes ń ta ti ọjọ́ kan àti ti ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ló bá a mu. Àmọ́ bó bá jẹ́ Premier League ló ń wá, SuperSport ni kó lọ. Fún fíìmù Yorùbá, Africa Magic Yoruba wà lórí DStv àti GOtv, StarTimes náà sì ní ìkànnì Yorùbá tirẹ̀.

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré wà tí mo fẹ́ràn jù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń gba ìwàásù sílẹ̀: díkódà ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ní ojú USB. Ìkànnì ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbé, kò sí owó oṣooṣù, fláàṣì tí ẹ bá kì bọ ojú náà ló ń gba eré sí. Kí ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń gbà sílẹ̀ lóòótọ́, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé fíìmù inú fláàṣì nìkan ni wọ́n ń ṣí. Àwòrán lásán tí kì í ṣe HD ń jẹ nǹkan bíi gígábáìtì kan fún wákàtí kan, HD lè jẹ tó mẹ́ta ààbọ̀. Fláàṣì 32GB ti tó fún ọ̀pọ̀ ìwàásù. Fláàṣì òpópónà tó ń fà máa ń jẹ́ kí àwòrán máa gán. Bó bá sì jẹ́ háàdì-dísìkì ìta ni ẹ fẹ́ lò, ojú USB díkódà mìíràn kò lè bọ́ ọ níná tó.

Lórí aago díkódà náà, ẹ lọ sí ibi ètò, kí ẹ rí i pé GMT+1 ló wà. Bó bá wà lórí GMT lásán, wákàtí kan ni aago rẹ̀ á fi rẹ̀yìn, ẹ máa gba ìròyìn sílẹ̀ dípò fíìmù. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ìṣẹ́jú 90, ìsinmi 15, àfikún díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí lé e. Bó bá jẹ́ ìdíje tó lè dé àfikún àsìkò àti pẹnáritì, ẹ fi wákàtí kan lé e. Ìyà kan kò dà bí kí ìgbàsílẹ̀ gé nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún pẹnáritì.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí èyí tí ẹnìkan ti lò ni ẹ fẹ́ rà, kí ẹni náà kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ bá ilé-iṣẹ́ wádìí bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀ àti orúkọ ta ló wà. Kí wọ́n yí i sí orúkọ yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án lójú ara yín. Ẹ jẹ́ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó tán. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ nínú rẹ̀, háàdì-dísìkì ti ń lọ nìyẹn, ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀.