Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Kan Ojú Ẹ̀gẹ́

Òbí àti olùkọ́ tó ń mú ọmọ lọ sóko la kọ èyí fún. Lóko ilé-ìwé kan, àwọn ọmọ gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n dorí èyí tó pọ̀ nínú igi náà kodò. Ọ̀kan hù níhìn-ín, àlàfo wà lọ́hùn-ún. Àwọn kan ní ọmọ ò fọkàn sí i. Irọ́ ni. Igi gígé ni àgbà kó lé wọn lọ́wọ́, wọn ò sì rí ibi tí ewé ti jáde lára rẹ̀ rí.

Àṣìṣe tí à ń bá pàdé káàkiri nìyẹn. Ẹ má gé igi ẹ̀gẹ́ kí ọmọ tó rí i lóòró pẹ̀lú ewé.

Ẹ mú un lọ sídìí ẹ̀gẹ́ tó ti pé oṣù 8 sí 12. Irú ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní TME 419 dára fún èyí, igi rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ. Kí ọmọ já ewé kan tòun ti igi ewé rẹ̀. Oje funfun á sun, àpá á kù. Kó fi àtàǹpàkò kan òkè àpá náà: kókó kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ojú nìyẹn, ibẹ̀ ni èéhù ti ń yọ. Òkè àpá ló máa ń wà, kì í sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ gbé igi lásán fún un nínú òkùnkùn, á mọ orí yàtọ̀ sí ìdí.

Ẹ wá gé igi mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú 5 sí 7. Àgbà ni kó di àdá mú, ọmọ ni kó ka ojú. Ẹ dá a gẹ̀rẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọlẹ̀. Ẹ gbin ọ̀kan bó ṣe yẹ, ẹ dorí ọ̀kan kodò, ẹ fi ọ̀bẹ yọ gbogbo ojú ẹ̀kẹta. Ẹ sin ègé ẹ̀gẹ́ jíjẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí igi má kù lára rẹ̀, àti èbù iṣu tó ti ń yọ èéhù.

Ó di ọjọ́ 28. Ẹ má sọ ìdáhùn fún ọmọ ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín.

Ẹ má sì fà á tu! Bí ẹ bá fà á, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á já sílẹ̀, kí lọmọ fẹ́ wò mọ́? Ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ yí i ká, sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e tòun ti iyẹ̀pẹ̀ sínú korobá omi fún ìṣẹ́jú 15. Ọmọ á rí gbòǹgbò tó yọ nídìí igi àkọ́kọ́, á rí bí èéhù igi tó dorí kodò ṣe tẹ̀ yípo kó tó gòkè. Iṣu á ti hù, ègé ẹ̀gẹ́ á ti jẹrà: gbòǹgbò ni, kò lójú.

Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá nínú ewé àti èèpo rẹ̀. Ọmọ ò gbọdọ̀ lá ọwọ́. Ọṣẹ ni kó fi fọ̀ ọ́. Omi korobá yẹn, ẹ má dà á síbi tí ewúrẹ́ ti ń mumi.